Bí júdò kì í bá lu ènìyàn, kí ni ẹ̀ṣẹ́ ń wá nínú kata?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Iléṣà ni mo ń gbé, ọmọ ogún ọdún ni mí, bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé ni mo ń so. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, wákàtí méjì-méjì. Kóòṣì wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní Nage-no-kata, kata ìgbéṣánlẹ̀ (kata ni ìdánrawò ẹni méjì tí a ti to ìṣísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀), ó sì ní kí uke máa kan tori lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lórí. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti wọ aṣọ júdò ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé júdò kì í lu ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe káràtè ní Ilé-Ifẹ̀ wo fídíò wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ijó là ń jó, pé ẹ̀ṣẹ́ wa kò lè pa eṣinṣin. Ṣé ẹ̀ṣẹ́ wà nínú júdò lóòótọ́? Ṣé kí n lọ kọ́ ọ níbòmíràn? Kí sì ni àǹfààní kata fún ẹni tó fẹ́ lọ fún ìdíje?

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ ká ti ibi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ uke yín kò bá lè pa eṣinṣin, ijó lẹ̀ ń jó lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe kata ló jẹ̀bi, uke ni. Tori ni ẹni tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, uke ni ẹni tí wọ́n ń gbé. Gbogbo ayé ló ń wo tori, bẹ́ẹ̀ uke ló ni bí kata ṣe máa rí. Ẹ̀ṣẹ́ inú kata wà níbẹ̀ kí tori lè rí ara tó ń bọ̀ wá bá a tagbára-tagbára. Bí agbára yẹn bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni tori náà ń kọ́, yóò sì kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀ṣẹ́ wà nínú júdò, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni Kodokan, ilé-ẹ̀kọ́ júdò ti Jàpáàn, pín ọgbọ́n júdò sí. Nage-waza ni èyí tí a fi ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Katame-waza ni èyí tí a fi ń dè é mọ́lẹ̀, tí a fi ń fún un lọ́rùn, tàbí tí a fi ń há a ní oríkèé. Ẹ̀kẹta ni atemi-waza, ìyẹn lílù. Jigoro Kano tó dá Kodokan sílẹ̀ ní Tókíò lọ́dún 1882 kò ṣàdédé hùmọ̀ ẹ̀kẹta yìí. Ilé jujutsu, ìyẹn ọgbọ́n ìjà àtijọ́ ti Jàpáàn, méjì pàtàkì ló ti kọ́ṣẹ́: Tenjin Shin'yo-ryu, tí wọ́n mọ̀ fún lílù, fífún lọ́rùn àti dídè mọ́lẹ̀, àti Kito-ryu, tí wọ́n mọ̀ fún gbígbé ṣánlẹ̀. Ohun tó bá nílé àkọ́kọ́ ló di atemi tiwa.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé júdò kì í lu ènìyàn? Torí pé nínú randori, ìyẹn ìjàkadì ìdánrawò tí a kò to ìṣísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àti nínú ìdíje, kì í lù ú lóòótọ́. A lè fi gbogbo agbára gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, kó dìde, kó tún padà wá, nítorí ó ti kọ́ ukemi, ìyẹn bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, máàtì sì wà nílẹ̀. A lè fún un lọ́rùn, kó fọwọ́ gbá wa lẹ́ẹ̀mejì, ká sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ukemi fún ìgbọ̀nwọ́ tó bá bá ènìyàn ní ẹ̀bátí. Bí a bá ní ká máa rọra kan ẹ̀ṣẹ́ nínú randori kó má bàa dun ẹnikẹ́ni, àṣà ẹ̀ṣẹ́ tí kì í dé ibi tó ń lọ ló máa mọ́ tọ̀tún-tòsì lára. Bí a bá sì wọ ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́, ta ni yóò rí kọ́là dì mú? Kano wá fi ohun tí a lè ṣe tagbára-tagbára sínú randori, ó fi èyí tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sínú kata, níbi tí àwọn méjèèjì ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Òun fúnra rẹ̀ fi kata wé gírámà, ó fi randori wé àròkọ kíkọ. Ọmọ tó há gírámà sórí tí kò kọ lẹ́tà rí, ẹ mọ irú rẹ̀. Èyí tó ń kọ̀wé láìmọ gírámà, ẹ mọ òun náà.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ má sì rò pé à ń sá fún tiwọn: lọ́dún 1922, Kano ló pe Gichin Funakoshi wá sí Kodokan kó wá fi káràtè Okinawa hàn wọ́n. Aṣọ funfun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wọ̀ àti bẹ́líìtì tó ń so mọ́ ìdí, ọ̀dọ̀ júdò ni Funakoshi ti mú wọn. Fẹ̀rín sọ ọ́ fún un.

Ohun ìjà atemi kò pọ̀. Ní apá, orí ìka wà, ìkúùkù wà, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ní ìhà ìka kékeré tí wọ́n ń pè ní tegatana wà, ìgbọ̀nwọ́ sì wà. Ní ẹsẹ̀, orúnkún ni, àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú lábẹ́ àwọn ọmọ ìka, àti gìgísẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lù jẹ́ ibi tí ìyá ẹnikẹ́ni ti máa kìlọ̀ fún un pé kó má gbá ọmọ ẹlòmíràn: àtàrí, tí Kodokan ń pè ní tendo, àárín ojú méjèèjì, uto, ẹ̀bátí, kasumi, abẹ́ imú lókè ètè, jinchu, ibi tí egungun àyà parí sí lókè ikùn, suigetsu, àti nǹkan ọkùnrin. Kọ́ orúkọ wọn, wọ́n lè bi ọ́ nígbà ìdánwò bẹ́líìtì, àmọ́ má jẹ́ kí orúkọ Jàpáàn tàn ọ́ jẹ bí ẹni pé àṣírí kan wà níbẹ̀.

Ó yá, ká dé orí Nage-no-kata, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ wà.

Ìgbéṣánlẹ̀ 15 ló wà nínú rẹ̀, ìsọ̀rí 5, mẹ́ta-mẹ́ta: ti ọwọ́, ti ìbàdí, ti ẹsẹ̀, ti ìfara-ẹni-lélẹ̀ sẹ́yìn, àti ti ìfara-ẹni-lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wọn ni a ń ṣe lọ́tùn-ún àti lósì. Nínú mọ́kànlá, uke àti tori di ara wọn láṣọ mú. Nínú mẹ́rin tó kù, ẹ̀ṣẹ́ ni uke fi ń wọlé: seoi-nage, uki-goshi, ura-nage àti yoko-guruma. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Uke gbé ìkúùkù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní gbọnrangandan sórí àtàrí tori, ìsàlẹ̀ ìkúùkù ni yóò sì bà á, ìhà ibi tí ìka kékeré wà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, mi ò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán: bí ọwọ́ tó di ọmọ odó mú ṣe ń bọ̀ láti òkè, tí ara sì ń tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀ṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fi egungun ìka kan àtàrí, ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́, torí orí le ju ìka lọ.

Mú seoi-nage, òun ló kọ́kọ́ dé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dojú kọ ara yín, kí àlàfo àárín yín tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, bíi mítà 1.8. Uke gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, bó ṣe ń gbé e ni ìkúùkù ọ̀tún ń lọ sókè orí rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀lé e, ẹ̀ṣẹ́ sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń balẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé pọ̀. Níbẹ̀ ni ìwúwo ara ti ń wọ inú ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀ tán kí ọwọ́ tó bọ́, ara ti dúró, apá nìkan ló kù tó ń fì, kò sì sí ẹni tó lè fi apá tó ń fì gbé ènìyàn.

Tori kì í dúró dè é. Bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé sí ìhà inú ẹsẹ̀ ọ̀tún uke, ó fi apá òsì pàdé apá uke láti inú, ó sì ń bá a lọ síbi tó ń lọ. Ọwọ́ òsì yẹn yóò di aṣọ mú ní òkè apá. Ó kọ ẹ̀yìn sí uke, apá ọ̀tún gba abẹ́ abíyá rẹ̀ kọjá, ó fi di èjìká rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ òsì ti fà wá sẹ́yìn, orúnkún méjèèjì ti tẹ̀. Ó na orúnkún, ó tẹ̀ síwájú, uke gba orí èjìká rẹ̀ lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ fún tori ni pé ó máa ń dá ẹ̀ṣẹ́ dúró. Ó na apá òsì sókè bí ọ̀pá ìlẹ̀kùn, gbà! ẹ̀ṣẹ́ dúró, uke dúró, ọ̀rọ̀ parí. Ó wá ku kí ó fi ẹ̀yìn gbé òkúta. Ọwọ́ òsì yẹn kì í ṣe ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣí ọ̀nà fún àlejò ni, tó sì ń fà á lọ́wọ́ wọlé. Bí apá rẹ bá ń pọ́n, tó ń wú lẹ́yìn ìdánrawò, o ti ń dá a dúró nìyẹn.

Ti uke ló pọ̀. Òun ti mọ̀ pé wọ́n máa gbé òun, nítorí náà ó ti ń fò kí wọ́n tó fà á. Tàbí ó ń kan ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ níwájú orí tori, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò fẹ́ ṣe é léṣe. Tàbí ó gbé ẹ̀ṣẹ́, ó sì fi àyà àti ìdí sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. Àánú ló dà bí ẹni pé ó ń ṣe, àmọ́ ó léwu ju ẹ̀ṣẹ́ gidi lọ: tori tó wọlé lábẹ́ ara tí kò bọ̀ yóò fi agbára ẹ̀yìn fà á, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti ń yẹ̀, ibẹ̀ sì ni uke ti ń fi orí sọlẹ̀ torí pé kò sí agbára tó máa yí i dé ẹ̀yìn.

Ẹ fi fìlà yẹ ara yín wò. Kí tori dé fìlà aláṣọ lásán, kí ó dúró láìmira. Kí uke rọra kan ẹ̀ṣẹ́ náà, ìgbà 10 lọ́tùn-ún, ìgbà 10 lósì, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ìkúùkù gbọ́dọ̀ fara kan orí fìlà, kó dúró síbẹ̀. Bí ó bá bọ́ síwájú imú, àlàfo yín jìn jù tàbí ìṣísẹ̀ kejì kúrú. Bí ó bá bọ́ sí èjìká, uke ti ń fojú wá ibi tí tori máa yà sí. Bí fìlà bá ré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀ṣẹ́ ti wá, kì í ṣe òkè. Ìgbà tí ìgbà 10 bá bá fìlà láìyẹ̀ ni kí tori tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò, kí uke sì fi kún ìyára díẹ̀díẹ̀. Òfin kan péré ni mo máa fi lé uke lọ́wọ́: bí tori kò bá kúrò, kí ẹ̀ṣẹ́ bá a. Nítorí èyí ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Uki-goshi máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Uke kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ tori kì í lo apá láti pàdé rẹ̀ rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó tẹ orúnkún, ẹ̀ṣẹ́ gba òkè èjìká òsì rẹ̀ kọjá, ó ti fi apá òsì gbá uke ní ìbàdí. Ìbàdí òsì ló fi ń gbé e. Nítorí náà, òsì ni uki-goshi fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú kata, lẹ́yìn náà ló tó kan ọ̀tún. Ẹni tó bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ yóò bá ẹ̀ṣẹ́ pàdé lójúkojú. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ìbàdí kò gbọdọ̀ wọlé kọjá bó ti yẹ bíi ti o-goshi, ìgbéṣánlẹ̀ ìbàdí mìíràn. Uke kò gun ẹ̀yìn rẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọ ni, yíyí ara ló sì ń gbé e lọ.

Ura-nage àti yoko-guruma, ìkejì ló yẹ ká wò dáadáa. Nínú ura-nage, tori wọlé lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì dé ẹ̀yìn uke, apá òsì yí ìbàdí rẹ̀ ká, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, tori sì fi ara rẹ̀ lélẹ̀ sẹ́yìn, uke gba òkè èjìká òsì rẹ̀ lọ. Nínú yoko-guruma, uke ti gbọ́n: ó kan ẹ̀ṣẹ́, tori wọlé fún ura-nage, uke sì tẹ̀ síwájú kó má lọ. Ní ojú ẹsẹ̀ ni tori ju ẹsẹ̀ ọ̀tún sí àárín ẹsẹ̀ uke, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́, títẹ̀ tí uke tẹ̀ yẹn ló sì fi ń gbé e yípo. Ẹ̀ṣẹ́, èsì, èsì sí èsì. Ẹni bá lóye rẹ̀ ti mọ ohun tí kóòṣì ń pè ní kọ́ḿbínéṣọ̀n kí wọ́n tó kọ́ ọ. Àmọ́ bí uke bá tẹ̀ síwájú kí tori tó gbìyànjú ura-nage, torí pé ó mọ̀ pé yoko-guruma ló kàn, èsì ti ṣáájú ìbéèrè, kata sì ti kú.

Ó dáa, ìdíje. Òfin àjọ júdò àgbáyé, IJF, kò gba lílù rárá. Ohun tó lè ṣe alátakò léṣe lè lé ọ kúrò nínú ìjà náà, àní fífi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú lásán ń gba shido, ìyẹn ìjìyà kékeré. Kata-guruma, ìgbéṣánlẹ̀ kan tí ẹ ń ṣe nínú kata, tí ọwọ́ wọ àárín itan, ìdíje kò gbà á mọ́; láti 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbígbá ẹsẹ̀ mú jáde. Nítorí náà má ṣe kọ́ Nage-no-kata bí àkójọ ohun tí wàá lọ ṣe ní ọjọ́ ìdíje.

Ohun tí wàá jẹ níbẹ̀ yàtọ̀. Wo alátakò rẹ nígbà tí ẹ ń jìjàdù aṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gòkè, ó ń bọ̀ láti òkè èjìká rẹ kó lè di kọ́là rẹ mú lẹ́yìn ọrùn. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀ṣẹ́ kata gbà ni ọwọ́ yẹn ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró kí ọwọ́ náà balẹ̀, kí alátakò dì í mú dáadáa, kí wọ́n tó ronú ohun tí wọ́n máa ṣe, nígbà yẹn orí wọn ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ti fi ẹ̀ṣẹ́ gidi ṣe seoi-nage àti uki-goshi ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ń wọlé nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lófuurufú, tí ìwúwo alátakò ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú. Àkókò yẹn kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ, uchikomi, ìyẹn títún ìwọlé ṣe léraléra láìgbé ènìyàn, kò sì lè kọ́ ọ, nítorí nínú uchikomi ẹni tí a di mú ti dúró. Fi ti òsì kún un: kata ń fipá mú ọ ṣe òsì, ọjọ́ tí o bá pàdé ọlọ́wọ́ òsì ni wàá mọ̀.

Ìdíje kata fúnra rẹ̀ tún wà o. Láti 2009, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Malta, ni IJF ti ń ṣe ti àgbáyé, nínú Nage, Katame, Ju, Kime àti Goshin-jutsu. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Nage-no-kata ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba bẹ́líìtì dúdú àkọ́kọ́.

Ní ti kata tí ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ sí gan-an, méjì ni. Kime-no-kata ní 20, mẹ́jọ lórí ìkúnlẹ̀, méjìlá lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti idà. Goshin-jutsu, tí Kodokan gbé jáde ní 1956, lẹ́yìn ikú Kano, ní 21: méjìlá láìsí ohun ìjà, mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀bẹ, ọ̀pá àti ìbọn. Níbẹ̀ ni tori fúnra rẹ̀ ti ń lù. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe ń lù: ẹnì kan di kọ́là rẹ̀ mú, ó fi ẹ̀yìn ìka na án lójú wàì, ẹni náà pajú dé, ó fẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ tó fi di kọ́là mú sì dẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni tori ń ká. Nínà yẹn kò parí ìjà. Ó la ọ̀nà ni, iṣẹ́ tí fífà àti títì ń ṣe nínú randori. Èyí ni àwọn tó ń sá lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ níta kì í rí. Ẹ̀ṣẹ́ júdò jẹ́ kuzushi, ìyẹn bíba ìdúró alátakò jẹ́, kó tó jẹ́ nǹkan mìíràn. Ní bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé, fi méjèèjì yìí sílẹ̀ ná. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbígba ìbọn onípákó lọ́wọ́ uke lè gba òun lọ́wọ́ adigunjalè.

Èyí tí mo máa gbà ọ́ níyànjú pé kó o fi kún Nage báyìí ni Ju-no-kata. Ó jẹ́ 15, kò sí dídi aṣọ mú, kò sí ṣíṣubú, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì lórí símẹ́ńtì ní ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yàrá máàtì bá sọnù. Lílù láti òkè wà níbẹ̀, títi ìka bọ ojú wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, o sì ń rí ibi tí ìwúwo ara uke ti ń kúrò lórí gìgísẹ̀ lọ sórí ọmọ ìka. Àwọn ọkùnrin kan ń pè é ní kata obìnrin. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Bó o ṣe máa tò ó nìyí. Nínú ìpàdé mẹ́ta yín, fi ogún ìṣẹ́jú nínú wákàtí méjì sílẹ̀ fún kata ní ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ukemi, kí ó tó di uchikomi, nígbà tí ara ti gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì rẹ̀ yín. Uke tó ti rẹ̀ ń kan ẹ̀ṣẹ́ tó ti rẹ̀. Ìsọ̀rí kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìsọ̀rí márààrún ti kọjá lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsọ̀rí tó ní ẹ̀ṣẹ́, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni: ẹ̀ṣẹ́ àti ìwọlé nìkan. Ẹ gbé ara yín ní ọ̀sẹ̀ kejì, bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà sí mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó tó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ mú tìmùtìmù tàbí fóòmù líle kan, kí ẹnì kan gbé e mọ́ àyà, kí ẹnìkejì fi ìkúùkù, tegatana àti ìgbọ̀nwọ́ lù ú, ìgbà 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún lósì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àtàǹpàkò wà níta ìkúùkù, lórí àwọn ìka. Ẹni tó bá dì í sínú yóò ṣẹ́ ẹ. Ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ tọ́. Ìdí tí ẹ fi ń lu fóòmù ni kí uke lè mọ bí ẹ̀ṣẹ́ tó ní ìwúwo ṣe ń rí lára, kí ó lè gbé ìmọ̀ yẹn lọ sínú kata.

Ìjẹ̀ṣà ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ẹní tí mo ń wí báyìí kì í ṣe ẹní oríkì. Tatami gidi, ìyẹn máàtì júdò, nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ó sì le. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń tẹ́ rọ̀ jù: ẹsẹ̀ tori ń rì sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń yí, kókósẹ̀ á sì yẹ̀. Fóòmù tín-ín-rín tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra bí eré ọmọdé kò tó fún ura-nage, kò tó fún yoko-guruma. Bí ẹ kò bá ní èyí tó nípọn, ẹ di lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì mọ́lẹ̀ gírígírí bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ na tapólì lé e lórí kó le gan-an, kí ẹ sì kíyè sí òjò, torí tó bá rin, á ṣù jọ, á sì rà. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró sórí ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ní ìta, ní gáréèjì tàbí lójú ọjà, ẹni tí kò kọ́ ìjà kankan ń fì ọwọ́ ọ̀tún láti òkè gẹ́gẹ́ bíi ti kata yìí, nítorí náà ohun tó o ń kọ́ yóò bá ọ délẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí máàtì níbẹ̀, ẹni náà kò sì mọ ukemi. Seoi-nage lórí ọ̀dà tàbí kọ̀ǹkéré lè pa ènìyàn. Wọlé lábẹ́ ọwọ́, gbá a mú ní ìbàdí, dúró síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn fi là yín, tàbí kó o rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ṣé kí o lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ níbòmíràn? Pe ọ̀rẹ́ rẹ wá láti Ifẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ yóò tọ́, yóò yára, kò sì ní ṣàánú rẹ. Àmọ́ ohun kan wà tó o gbọ́dọ̀ tún ṣe fún un: wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti lọ, kó fà á padà kíá, kí ara má sì tẹ̀lé e kọjá ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ̀ṣẹ́ tó ti padà kò fi ara sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé. Sọ fún un pé kó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá, kó jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ bá ẹ̀ṣẹ́ lọ tán. Fún un ní oṣù kan fún ukemi kó o tó gbé e ṣánlẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, dá a dúró níbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti ń kúrò nílẹ̀, kó o sọ ọ́ kalẹ̀. Kó o sì dé fìlà.